Ọmọ Alhaja Tí Mo Ní Kò Ṣe Sójà Rí

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi dá ẹ̀bi rẹ̀ lé ìgbà èwe. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Mo dàgbà tó láti mọ ohun tó tọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé ọmọkùnrin tí mo ṣẹ̀ fẹ́ tún ṣe ìpinnu kan lọ́sẹ̀ yìí, orí irọ́ tí mo fi pamọ́ ló sì fẹ́ gbé e kà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, mo gba iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Woolwich, nílùú òyìnbó tí mo ń gbé. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì náà ti ṣèlérí pé bí ẹni tó ti ṣe sójà rí bá wá wáṣẹ́, tí ó sì kúnjú ìwọ̀n tó kéré jù, dandan ni kí a pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa ṣọ́ ìlérí náà: mélòó nínú wọn ló wáṣẹ́, mélòó la pè, mélòó la gbà. Ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó kan tó máa ń gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ni mo ń jábọ̀ fún. Láti fèrèsé wa, a máa ń rí àwọn sójà tí wọ́n ń kọjá lọ sí bárékè wọn.

Òfin méjì ni wọ́n fi lélẹ̀ fún mi. Bí mo bá ń ṣiyèméjì nípa ẹnì kan, kí n kọ̀wé sí i pé kó fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Bí mo bá sì mọ ẹni náà rí, kí n sọ fún ọ̀gá mi, kí ẹlòmíràn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. N kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, mo rí orúkọ Rìdíwán láàárín àwọn tó wáṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi ni mo kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré, ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé tí a máa ń ṣe ní mọ́sáláṣí wa. Ìyá rẹ̀, Alhaja, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi ni, South Thamesmead ni wọ́n ń gbé. Bí a bá ti béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fún wa: "Ó wà ní Scotland, ó ń kàwé." Gbogbo wa a sì ṣe àmín. Rìdíwán kan náà ló wá kọ ọ́ síbí pé òun ti ṣe sójà fún ọdún mẹ́fà.

Inú bí mi. Mo ní, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ló ń purọ́ yìí. Ẹ̀rù tún bà mí. Bí mo bá sọ pé mo mọ̀ ọ́n, ṣé wọn kò ní rò pé mo fẹ́ ti ọmọ ìlú mi wọlé ni? Mo tiẹ̀ tún sọ fún ara mi pé àánú ni mo ń ṣe é, pé bí n kò bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ojú kò ní ti ìyá rẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn sójà, mo fi í sáàárín àwọn yòókù. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Wọn kò pè é.

Ọ̀gá mi bi mí bóyá sójà kankan wá. Mo ní rárá.

Nínú oṣù ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alhaja pè mí wá ṣínu nílé rẹ̀. Rìdíwán ló ṣílẹ̀kùn fún mi, aṣọ àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìtajà lóru ló wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó nínú pálọ̀ pẹ̀lú oyún. Alhaja fà mí wọ kíṣìnì.

"Auntie Tíṣà, ẹ má bínú o. A parọ́ fún yín."

"Irọ́ kẹ̀?"

"Rìdíwán ò kàwé kankan. Sójà ló lọ ṣe. Bàbá ẹ̀ ló ní ká má sọ. Ó ní àwọn kan ní mọ́sáláṣí á ní a fọmọ sílẹ̀ kó lọ bá Mùsùlùmí jagun. Ẹ ṣáà mọ ẹnu àwọn èèyàn wa." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Irọ́ náà ò kúkú pọ̀. Scotland ni bárékè wọn wà lóòótọ́."

Mo bi í, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, bóyá ọmọ náà ti wá iṣẹ́ ìjọba.

"Ó wá a. Wọ́n láwọn máa ń pe ẹni tó bá ti ṣe sójà. Wọn ò pè é."

Rìdíwán dá sí i láti ẹnu ọ̀nà. "Mummy, leave it, jàre. Auntie, má worry. They just write it to look nice. Mo ti sọ fún àwọn guys mi méjì tá a jọ kúrò ní army pé kí wọ́n má bother."

"Ta lò ń sọ fún pé 'má worry'?" Alhaja jágbe mọ́ ọn. "Ọdún mẹ́fà tó o fi ń kí ọ̀gá sójà, o ò lè fi 'ẹ' kan kí tíṣà ẹ?"

"Sorry, Auntie. Ẹ má worry, sir." Ó fọwọ́ kan orí bíi sójà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo jẹ oúnjẹ wọn. Mo padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ti àkọ́kọ́, mo lè ní mo ṣì í mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti wá mọ òótọ́, mo lè lọ bá ọ̀gá mi ní ọjọ́ kejì, n kò lọ. Orúkọ rere mi ni mo ń dáàbò bò.

Nígbà tí ọ́fíìsì wa tún ń wá òṣìṣẹ́, sójà kan ṣoṣo kò kọ̀wé wá. Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀, ó ní ó jọ pé àwọn sójà àdúgbò yìí kò fẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì, bóyá kí a tiẹ̀ pa ìlérí náà tì. Mo wo ìta láti fèrèsé. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe."

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí. Ilé ìtajà ni Rìdíwán ṣì ń ṣọ́ lóru. Bí ọmọbìnrin rẹ̀ bá jí láàárọ̀, bàbá rẹ̀ ń lọ sùn.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, Alhaja ní kí n bá Rìdíwán yẹ ìwé tó fẹ́ fi wáṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba mìíràn wò. Mo rí i pé ó fo ọdún mẹ́fà. Mo ní, "Rìdíwán, àwọn ọdún yìí ńkọ́?"

"Auntie, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo kọ army síbẹ̀ last time, wọ́n jù mí nù. Better kí wọ́n rò pé mo kàn jókòó sílé."

Ọdún mẹ́fà tó fi sin orílẹ̀-èdè yìí, ó fẹ́ kí wọ́n rò pé ilé ló jókòó sí. Ọ̀la ló fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́.

Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá mi àtijọ́ lánàá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Lónìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì, n ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé Alhaja. Iwájú ìyá rẹ̀ ni n ó ti sọ ọ́ fún Rìdíwán, kí ó lè dá ọdún mẹ́fà rẹ̀ padà síbi tó yẹ. Bí wọ́n bá lé mi jáde, n ó jáde. Ṣùgbọ́n n ó ti sọ ọ́.

N kò bi yín bóyá kí n lọ. Mo ti pinnu. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, bí ọmọ bá kọ ohun tó yà mí lẹ́nu, mo máa ń pè é pé, "Wá ṣàlàyé fún mi," kí n tó fi bíírò pupa kàn án. Ọmọdé ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dàgbà, n kò bi í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí oúnjẹ ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹni tí ẹ rò pé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ bi í.