Nọ́ńbà Tó Wà Lẹ́yìn Pólò

Mo tún rí Ràṣídà lánàá. Ọ̀nà Akọ́wọ̀njọ́ ni mo gbà, íńkì ni mo fẹ́ lọ rà, àfi bí mo ṣe rí ojú rẹ̀ ní àyà pólò tí ọkùnrin kan wọ̀, tó ń po sìmẹ́ǹtì lẹ́bàá títì. Pólò náà ti ṣá, ọrùn rẹ̀ ti ya, sìmẹ́ǹtì ti bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n imú yẹn ṣì wà níbẹ̀ kedere. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ ojú yẹn sára ẹ̀wù yẹn. Ọkùnrin náà rí i pé mò ń wo òun, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ṣé kí n bọ́ ọ fún yín ni?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi rò ó wò: ṣé òkú ni mo rí ni, àbí alààyè? Èmi ò mọ̀. Ìyá tó bí i ò mọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Mi ò kàwé lọ títí. Bí mo ṣe jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀wù títẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Kò sí ìwé tí mo kà nípa rẹ̀, mò ń wò ó, mò ń ṣe é, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Ìgàndó, mo sì gba yàrá kan sí ẹ̀yìn ibẹ̀. Ràṣídà ló wà ní yàrá tó kàn mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìyá rẹ̀ ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé lọ́hùn-ún, òun sì wá kàwé ní Èkó. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni. Tó bá ń fọṣọ, ó ń ṣeré; tó bá ń ṣa ẹ̀wà, ó ń ṣeré; á fi ohùn lánlọ́ọ̀dù pè mí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, màá sì sáré jáde pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, kí n tó gbọ́ ẹ̀rín kèékèé rẹ̀.

Òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bíi mélòó kan ló dá ilé-iṣẹ́ fíìmù kékeré kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Fèrèsé Wa. Káyọ̀dé, ọmọ tíṣà kan láti Èkìtì, ló jẹ́ dàrẹ́kítọ̀ wọn. Kámẹ́rà tí wọ́n yá lò ni wọ́n fi ya fíìmù àkọ́kọ́, nípa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án gangan tẹ́nikẹ́ni ò sì rí i mọ́. Ràṣídà ló ṣe Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tó ku bí wọ́n ṣe máa polówó rẹ̀, wọ́n wá bá mi. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú gbogbo wa, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí oníbàárà tèmi. Wọ́n kó pèèjì ilé-iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n tún bá wọn tẹ pólò àti fìlà tí àwọn èèyàn á máa wọ̀ kiri. "Àǹtí Tẹ̀-ẹ́" ni wọ́n ń pè mí. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Èmi tí mi ò rí yunifásítì wọ̀, àwọn ọmọ yunifásítì ń bi mí pé, "Àǹtí, báwo la ṣe máa ṣe é?"

Àwòrán tí Káyọ̀dé gbé wá dáa. Ojú Ràṣídà ní dúdú láàárín, òkè rẹ̀ ni wọ́n kọ "Ẹ ti rí Àbẹ̀kẹ́?" sí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa fi pupa kọ ọ́ sí pé fíìmù tuntun ni, láti ọwọ́ Fèrèsé Wa. Ẹ̀yìn ẹ̀wù ni nọ́ńbà máa wà. Nọ́ńbà mi la lò, torí èmi kì í pa fóònù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní síkírìnì tirẹ̀, ìyẹn férémù tá a na aṣọ fẹ́lẹ́ sí láti fa íńkì kọjá: ẹ máa fa dúdú ná, ẹ máa sá a kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbé síkírìnì pupa lé e. Mo tẹ dúdú ti àkọ́kọ́, mo fi kọ́ sórí okùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó ń kọjá lọ fi dúró, ó gbọ́wọ́ lé àyà. "Yéè! Ọmọ ta ló sọnù?" Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Àmọ́ ojú oníṣòwò ni mo fi wò ó.

Mo pe Káyọ̀dé. Mo ní, "Gbọ́, pupa yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Ó ní, "Àǹtí, wọn ò wá ní mọ̀ pé fíìmù ni o."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn! Tí wọ́n bá pe nọ́ńbà, màá sọ fún wọn. Ẹni tó bá ti pè ti wọ gàù, kò ní lè ṣàìwò ó."

Káyọ̀dé dì mọ́ mi. Ràṣídà gbé pólò náà, ó fi wọn ara rẹ̀, ó sì bojú jẹ́. "Àǹtí mi, ẹ ò ṣe fi imú mi ṣe kékeré díẹ̀? Ó gba gbogbo àyà èèyàn tán!" Mo ní, "Imú ẹ ló máa ta á, jàre." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ó sì tà. Mo gbé àwòrán náà sórí pèèjì láìsọ pé fíìmù ni, àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn pẹ̀lú àdúrà. Láti Ìkòtún títí dé Dópẹ̀mú, ojú Ràṣídà ló ń rìn kiri. Fóònù mi ò sinmi. Ẹni tó bá pè, màá ní, "Ẹ má bínú o, fíìmù ni. Ẹ lọ wò ó ní pèèjì wa." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á ṣépè fún mi. Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti rí àwòrán yẹn ni òun ti ń fi tẹ̀súbáà tọrọ ọmọ náà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ní, "Ẹ wá jẹ́ kí n fi ẹnu mi tọrọ ohun tí ò sọnù," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, ṣùgbọ́n mo gbàgbé rẹ̀. Gbọ̀ngàn tá a gbà ní Ìkòtún lọ́jọ́ tá a fi fíìmù hàn kún dẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin kan kọ̀wé sórí pèèjì. Ó ní òun ń ṣe fíìmù ńlá, òun sì ń wá ọmọ tó ṣe Àbẹ̀kẹ́, kó wá pàdé òun ní ibùdókọ̀ Command. Èmi ni mo ka ìwé náà. Èmi ni mo sáré lọ gbá ilẹ̀kùn Ràṣídà. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti di ìràwọ̀ o!" Ó wọ pólò náà, kí ọkùnrin yẹn lè tètè dá a mọ̀. Ọ̀sán ni. Oòrùn mú gan-an. Ó ti gbé ìrẹsì kaná, ó wá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi: "Àǹtí, tó bá jinná, ẹ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o." Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo dé e. Ìrẹsì náà tutù, ó sì kan.

Àwa la kọ́kọ́ wá a. Nígbà tá ò rí i, mo lọ sórí pèèjì, mo kọ ọ́ pé: "Òótọ́ ni tọ̀tẹ̀ yìí o. Ràṣídà ti sọnù. Ẹ gbà wá." Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀? "Apá kejì ti ń bọ̀!" "Ẹ ti mú wa lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò tún lè mú wa mọ́." Mo gbé fóònù, mo ya ara mi bí mo ṣe ń sunkún, mo ń búra pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run. Wọ́n ní, "Ta ni obìnrin yìí? Ó mọ eré ṣe ju àwọn tó kù lọ." Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá tó wà ní káńtà wo àwòrán rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó òun ti wo fíìmù wa, ó dùn púpọ̀. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbà wá gbọ́, ẹni tó kọ̀wé sí wa ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tí ò wáyé rí.

Èyí tó burú jù ni ti Command. A ń na àwòrán rẹ̀ sí gbogbo èèyàn. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù ní, "Mo rí i! Ó gba ibí kọjá láìpẹ́ yìí." A sáré, a bá ọkùnrin kan tó ń ru búrẹ́dì, pólò wa ló wọ̀. Wọ́n ní wọ́n rí i ní Gowon Estate, a dé ibẹ̀, géètìmáànù kan ló fi pólò náà ṣe ẹ̀wù iṣẹ́. Wọ́n ní wọ́n rí i ní Dópẹ̀mú. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún wa. Ojú gbogbo ayé ló ti kún fún ojú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè yà á sọ́tọ̀ mọ́ pé èyí tí òun rí, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ ni, àbí íńkì. Gbogbo èèyàn ló rí i. Kò sẹ́ni tó rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní kó na mí, kó ṣépè fún mi. Kò ṣe é. Ó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó mú ọ̀kan nínú pólò tó ṣẹ́kù, ó fi ìka wo ojú rírán ọrùn rẹ̀ bí aránṣọ tó jẹ́. "Wọn ò rán eléyìí dáadáa. Kò ní pẹ́ tú." Ó yí i padà, ó rí nọ́ńbà. "Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé ó ń wọlé?"

"Ó ń wọlé, Mà."

Ó ní, "Pólò yìí ló wà lọ́rùn ọmọ mi. Ọmọ yẹn ò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí, inú fóònù ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Tí wọ́n bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kù. Má pa á o. Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, má pa á."

Mo ṣèlérí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Káyọ̀dé ti padà sí Èkìtì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣirò, kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ fíìmù. Èmi ti lọ́kọ, mo ti bímọ, a ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nọ́ńbà náà ò kú. Ẹnikẹ́ni tó bá pè, "Ṣé ẹ ti rí i?" ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Àwọn aláwàdà ṣì ń pè: "Hẹ́lóò, mo ti rí Àbẹ̀kẹ́, ó ń jẹ súyà!" Nígbà míì, ẹni tó pè kì í sọ̀rọ̀ rárá. Màá máa gbọ́ afẹ́fẹ́, tàbí ọkọ̀ tó ń kọjá lókèèrè. Màá ní, "Ràṣídà? Ṣé ìwọ ni?" títí á fi já. Tí mo bá pè é padà, kì í lọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ìyá rẹ̀ ń pè. Kì í béèrè nǹkan kan mọ́. Á ní, "Mo kàn ní kí n wò ó bóyá ó ń dún ni." Màá ní, "Ó ń dún, Màmá." Á ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

Lọ́sẹ̀ yìí, fóònù dún nígbà tí mò ń wẹ̀. Ọmọ mi tí ò tíì sọ̀rọ̀ yé èèyàn ló gbé e. Ó fi sétí, ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i?" Bí èmi ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni, pẹ̀lú ohùn mi. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó lọ ra síìmù tuntun, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ìyàwó mi, mi ò ní kó o gbàgbé ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ tiwa ńkọ́? Ṣé inú ìwákúwàá yìí ló máa dàgbà sí?" Òtítọ́ ló sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń polówó iṣẹ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní kẹ́ ẹ má polówó. Mo ní kẹ́ ẹ kọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ má fi ẹkún ẹlẹ́kún pe èrò. Síkírìnì pupa yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mi ò lò ó rí, mi ò sì lè jù ú nù.

Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá yọ síìmù yìí, tí ó sì lọ jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni Ràṣídà rí fóònù yá níbi tó wà ńkọ́? Bí mi ò bá sì yọ ọ́, ṣé ohùn mi yìí ni màá fi sílẹ̀ fún ọmọ mi? Ọ̀la ni Jímọ̀. Wọ́n á kírun tán, ìyá kan á sì gbé fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó lè gbọ́ bóyá ó ń dún.