Kìnnìún Tó Gba Bùláńkẹ́ẹ̀tì

Mo ń nu imú ọmọ mi ní ibùdókọ̀ ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí mo gbọ́ ohùn onílé kan àti ayálégbé rẹ̀ lẹ́yìn mi.

“Mọ́mì, bùláńkẹ́ẹ̀tì mi lẹ fi bo ère kìnnìún sìmẹ́ńtì yín yẹn.”

“Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ní gádínì kí òtútù yìnyín fọ́ ọ ni? Mo ti kó àwọn ìkòkò òdòdó náà wọlé.”

“Ẹ bá mi kí i kú oorun o! Òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, èmi ń gbọ̀n ní yàrá.”

“Ìwọ ò kúkú lè fọ́.”

“Ó dìgbà tí mo bá fọ́, Mọ́mì?”

“Ìwọ ò kúkú lè fọ́” yẹn ò kúrò létí mi. Nígbà tá a délé, mo faṣọ bo ọmọ mi dé ọrùn, mo ní: “Ìkòkò tó bá fọ́, a máa ra òmíràn. Ìwọ ńkọ́, ọjà wo ni mo ti máa rí ẹ rà?”