Ihò tí Mo Dí Lẹ́yìn Ikú Agbẹ̀bí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa mọ́. Dókítà bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rò pé mi ò gbọ́: ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ kan sì ti há mi lọ́fun láti ọdún mọ́kànlá bí eegun ẹja, kò wọlé, kò jáde. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n n ò ní gbé e wọ sàréè.

Ẹ̀rọ amúlétutù inú mọ́tò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní éésì, ni mo ń tún ṣe. Ọ̀gá Òtútù ni wọ́n ń pè mí. Agbẹ̀bí kan wà lára àwọn oníbàárà mi, obìnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, òun náà ló gbẹ̀bí ọmọ mi méjèèjì. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọ̀gá Òtútù, éésì mi ń ṣe bí orogún méjì. Apá ọ̀dọ̀ mi tutù, apá kejì ń fẹ́ ooru bí ẹnu ààrò." Mo yẹ gáàsì wò, ó pé. Mo fọwọ́ kan páìpù, ó tutù dáadáa. Ó wá yé mi pé ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ inú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń ya atẹ́gùn gbígbóná sọ́tọ̀ kúrò lára tútù, ló dá. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú dáṣíbọ́ọ̀dù náà. Mo pààrọ̀ ilẹ̀kùn, òtútù dé ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń fa páìpù kúrò lára irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, rọ́bà tó dí ẹnu ihò rẹ̀ ya mọ́ mi lọ́wọ́. Irú rẹ̀ ò sí nítòsí. Mo ní tó bá yá n ó wá òmíràn. Ọ̀lẹ èèyàn! Mo fi ihò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo da dáṣíbọ́ọ̀dù bò ó, mo fún obìnrin náà ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Kò pé oṣù kan, ó padà wá. "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. Tí mo bá ti tan éésì yìí, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, ó sì ń rùn bí èéfín." Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo rí i pé páìpù èéfín ti sán lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Èéfín ń tú jáde níbí, ihò mi ń fà á wọlé lọ́hùn-ún. Mo mọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mo mọ̀! Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, á mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ba ọkọ̀ òun jẹ́, orúkọ tí mo fi ogún ọdún kọ́ á sì wọ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, oorun yín ni ò tó. Ta ni agbẹ̀bí tó ń sùn?" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò purọ́." Mo ní kó gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ ọ̀hún ò bá a láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, òjò ń rọ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé ìwòsàn, ó ti gbogbo fèrèsé, ó tan éésì, ó sì ṣí oúnjẹ tí ọkọ rẹ̀ sè fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a sí, abọ́ lórí itan, kò mí mọ́.

Ọkọ rẹ̀, aránṣọ kan tí kì í pariwo, ni gbogbo ọwọ́ nà sí. Wọ́n ti jà lọ́sẹ̀ yẹn, aládùúgbò sì gbọ́. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ figbe ta: "Bàbá mi ló fi májèlé sí i!" Wọ́n gbé ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kan ní òun ń gbóòórùn èéfín nínú mọ́tò náà, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí kí n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ibí ni ìkà mi dójú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n sún sẹ́yìn kí n ráyè ṣiṣẹ́. Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo tẹ̀ ba, mo fi rọ́bà dí ihò náà láti ìhà ẹ́ńjìnnì, mo fi gírísì àti ìdọ̀tí pa á lójú kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́, mo sì wé ibi tí páìpù ti sán. Mo nàró, mo nu ọwọ́. "Kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ yìí, sà."

Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ó máa ń sọ pé orí ń fọ́ òun nínú ọkọ̀ yìí. Àbí kò sọ fún yín ni?"

Mo wò ó lójú kòrókòró. "Kò sọ fún mi rí." Àgbàyà bíi tèmi!

Lẹ́yìn oṣù méje wọ́n tú u sílẹ̀, torí wọn ò rí májèlé kankan. Ṣùgbọ́n ta ló tún gbé aṣọ fún un rán? Ọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó, kò pè é. Tó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á kí mi. Á kí èmi!

Lánàá, mo ránṣẹ́ pè é wá síbi ibùsùn yìí, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Èpè ni mo ń retí. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ó jẹ̀rora?" Mo ní rárá, pé irú èéfín bẹ́ẹ̀ ń kunni lóorun ni. Ó fọwọ́ bojú, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó dìde, ó ní òun ò tíì lè dárí jì mí, kí n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọmọ òun rí i kà.

Òun ni mo ń kọ yìí, n ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Ìwọ ọmọ agbẹ̀bí, n ò lẹ́nu láti ní kí o foríjì mí. Bàbá rẹ ò pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni. Ilé rẹ̀ ò yí padà, o mọ̀ ọ́n. Dákun, má jẹ́ kó di pé wọ́n wá pè ọ́ síbi òkú rẹ̀. Tètè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.