Bọ́tìnì Inú Agolo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ gan-an ni kẹ́ ẹ la etí dáadáa. Òótọ́ tí Màmá ti ń gbé mì látọjọ́ yìí, ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun báyìí, kò sì ní gbà kó tún gbé e mì mọ́.

Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó ọmọ Màmá ti wà ní pálọ̀, ó ti ń gbé e. Aránṣọ fúnra ẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká téèpù mọ́ ìka, kò wojú ẹnì kankan. Àfi gbàà tí Màmá pariwo: "Ẹ má gbé e o! Irọ́ ni mo pa!"

Ọmọ ẹ̀, ọkọ aránṣọ, ní, "Màmá, irọ́ wo?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó pa mí. Ìyàwó mi, ṣé o rántí agolo tó o fi ṣe ohun ìṣeré fún Ọ̀gá Kékeré ọmọ rẹ?"

Ta ló máa gbàgbé? Agolo mílíìkì ni. Aránṣọ lu ihò sí ìdérí ẹ̀, ó wá kó ìdérí ike ńláńlá jọ fún ọmọ ọdún méjì yẹn. Á jù wọ́n sínú ihò, kò, kò, á dà wọ́n jáde, á tún bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ sì kìlọ̀ fún Màmá: "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ohun tó bá ti lè wọ ẹnu ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ ọwọ́ ẹ̀."

"Eré yẹn kì í pẹ́ tán," ni Màmá wí. "Kí n tó ṣẹ́jú, á ní kí n wá bá òun dà á. Orúnkún ń dùn mí, oorun ń kùn mí. Mo ní ṣebí bọ́tìnì wà nínú àpótí ìránṣọ, wọ́n kéré, wọ́n pọ̀, á pẹ́ nídìí ẹ̀. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ fún un, mo bá sùn lọ. Èmi àgbàyà! Nígbà tí mo jí, ó ń fọwọ́ ra imú. Mo kó bọ́tìnì padà, mo pa àpótí dé, mo pa ẹnu mi náà dé."

Ìgbà tí imú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ni wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, tíyẹn fa bọ́tìnì dúdú jáde. Ọkọ kọjú sí ìyàwó: "Bọ́tìnì ta nìyí? Iṣẹ́ ta ni?" Gbogbo bí aránṣọ ṣe ń búra, pàbó ló já sí.

"Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù," Màmá bú sẹ́kún. "Ẹ bi mí, ẹ ní kí ni èmi àgbà rí sí i. Mo wo ọmọbìnrin yìí lójú kòrókòró, mo ní, 'Abẹ́rẹ́ àti ọmọ kékeré ò lè jọ gbé inú ilé kan. Kó mú ọ̀kan.' Ẹnu tí mo fi ń pè é ní ìyàwó mi ni mo fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Foríjì mí."

Ó bá kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ ló kúnlẹ̀ fún ìyàwó o! Ọkọ tẹ orí ba bí adìyẹ tí òjò pa.

Oníbàárà tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa gbé e lọ ni àbí kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ẹ̀yìn mi ń ké o."

"Ẹ gbé e kalẹ̀," aránṣọ dáhùn.

Ni Ọ̀gá Kékeré bá sáré dé, ó gbé agolo lé Màmá lọ́wọ́ níbi tó kúnlẹ̀ sí. "Màmá, dà á!"

Màmá ò lè dà á. Ó gbójú sókè, ó ń wo aránṣọ. Aránṣọ náà ń wò ó, téèpù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ká ní ẹ̀yin ni aránṣọ, ṣé ẹ máa fa Màmá dìde?