Nọ́ńbà Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Kàsímù

Ẹ̀yin ará agboolé Bàbá Kàsímù ní Ìta Fájì, ẹ pe Muqtadir kó wá jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún 1997 tí kò dà, tí kò sì jáde. Wọ́n ní gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ni yóò kú lọ́jọ́ tí a bá wọ ọdún 2000, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kọ̀ǹpútà ò bá tilẹ̀ kú, èmi lè kú, nítorí ìdí mi ti wúwo ju ẹsẹ̀ mi lọ, àtẹ̀gùn ilé wa sì ga. Kí n tó já lulẹ̀ bí àpò gààrí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Muqtadir, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, o dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. O ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ dúró ti bàbá mi. Èmi ni wọ́n bínú sí títí wọ́n fi kú." Mo ní kí o dìde. Èmi ló yẹ kí n wólẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá wólẹ̀, ta ni yóò gbé mi nílẹ̀?

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwé títẹ̀, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Marina gbà mí. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà, láti orí òrùlé wọn sí orí òrùlé oníbàárà, nínú afẹ́fẹ́, láìsí wáyà. Oníbàárà wa lé ní igba, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n nọ́ńbà péré, irú èyí tó jẹ́ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fún wa láti òkè òkun. Ẹni tó kàn fẹ́ jáde lọ ka ìròyìn kò nílò nọ́ńbà tirẹ̀. Gbogbo wọn ń gba ẹnu-ọ̀nà kan náà jáde bí èrò agboolé. Ẹni tó bá fẹ́ kí àlejò ti ìta wá bá òun nílé ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé nọ́ńbà, ohun tí mo bá sì kọ síbẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rọ ń ṣe. Ẹ wo agbára! Èmi tí ọkọ mi kò gbọ́ràn sí lẹ́nu rí, àwọn ọ̀gá ńlá ń pè mí ní "Mummy, ẹ jọ̀ọ́."

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni ti Bàbá Kàsímù. Ìwọ lo ra kọ̀ǹpútà fún wọn, Muqtadir, kí o tó padà sí Amẹ́ríkà. Gbogbo Jímọ̀, tí Bàbá bá ti mọ́sálásí dé, wọ́n á tàn án, ìwọ á pe nọ́ńbà náà lọ́hùn-ún, ohùn rẹ á sì jáde nínú àpótí. Ọjọ́ tó kù, wọ́n á fi aṣọ bò ó bí ọmọ tó ń sùn.

Ìgbà náà ni Ọláníyì dé. Ó ní ọ́fíìsì ní Onikan, lọ́fínńdà rẹ̀ sì máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ó fẹ́ nọ́ńbà, kò sì sí. Ó ní, "Ìyá Bọ́lánlé, ta ni yóò gbà pé ẹ ti ní ọmọ-ọmọ?" Èmi opó ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun pọ́dà lọ síbi iṣẹ́. Kí n tó gun àtẹ̀gùn kẹta, pọ́dà ti di ògì lójú mi.

Láràárọ̀ ni a máa ń kan ilẹ̀kùn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti ojú ẹ̀rọ wa. Èyí tí kò bá dáhùn fún ọgbọ̀n ọjọ́, a gbọ́dọ̀ lọ sílé ẹni tó ni ín lọ béèrè kí a tó gbà á. Ti Bàbá kì í dáhùn láàárọ̀, ọ̀sán Jímọ̀ nìkan ló ń jí. Mo mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Mo dé ilé wọn. Wọn kò lò ó mọ́." Irọ́ ni! N kò gbé ẹsẹ̀ dé Ìta Fájì. Mo fi Bàbá sí ẹnu-ọ̀nà àjọlò, mo fún Ọláníyì ní kẹtàdínlógún, ó sì fẹnu kan ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rín. Èmi náà ń rín.

Lẹ́yìn Jímọ̀ mẹ́ta, Bàbá gun àtẹ̀gùn wa. Wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lánlé, iná ẹ̀rọ ń tàn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn Muqtadir." Ọláníyì wà lórí àga, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà dára. Bóyá kò pè ni." Bàbá mirí. "Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀," ni wọ́n wí.

N kò tí ì dé ibi tó burú jù. Lóṣù kẹrin tí mo gba nọ́ńbà náà, lẹ́tà rẹ dé. Kéwú ni Bàbá lè kà, wọn kò mọ ìwé wa yìí, ni wọ́n bá gbé e wá fún mi. O kọ ọ́ pé: "Bàbá mi, gbogbo Jímọ̀ ni mo ń pè, ẹ̀rọ yín kì í dáhùn. Ṣé ẹ ń bínú nítorí ìyàwó tí mo fẹ́ ni? Mo máa pè ní Jímọ̀ mẹ́rin sí i. Bí n kò bá gbọ́ yín, mo ti gbọ́ èsì nìyẹn." Ojú mi rí i. Ẹnu mi kà pé, "Bàbá, ara mi le, òtútù ń mú níbí, ẹ bá mi kí gbogbo ilé."

Bàbá ní, "Kò sọ̀rọ̀ Jímọ̀?"

"Rárá, Bàbá."

"Tún un kà."

Mo tún irọ́ náà kà. Mo tilẹ̀ fi "mo ń ṣàárò yín" kún un, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Muqtadir, ẹ̀rín yẹn ló ń pa mí.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ọláníyì fẹ́ gbé ọmọge kan níyàwó, ó fún mi ní ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó náà. Ọjọ́ kejì ni mo gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìrònúpìwàdà o, owú ni! Mo dá a padà fún Bàbá, ṣùgbọ́n Jímọ̀ mẹ́rin rẹ ti kọjá. Láti ọjọ́ náà, mo ń gbé mọ́ínmọ́ín lọ bá wọn ní gbogbo Jímọ̀, a jọ ń jókòó ti àpótí tí kò fọhùn. Wọ́n ń pè mí lọ́mọ. Èmi ń bu mọ́ínmọ́ín fún wọn.

O rò pé wọ́n bínú, wọn ò tàn án mọ́. Wọn kò pa Jímọ̀ kan jẹ rí. Wọ́n á kọ́kọ́ dé fìlà. Mo ní, "Bàbá, ohùn lásán ni, kò lè rí yín." Wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lánlé, ohùn ẹni tó dé fìlà yàtọ̀." Ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn, wọn kò lè dìde mọ́. Wọ́n ní kí n gbé máìkì wá sẹ́bàá ẹní. Wọ́n ní kí n fi fìlà dé wọn lórí.

Lẹ́tà rẹ tí Bàbá fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi ló wà nínú ìwé yìí. Ẹ̀yin ọmọdé tó ń gbọ́, bí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn ẹlòmíràn sí ìkáwọ́ yín, ẹ má tì í nítorí ẹni tó ń pọ́n yín lé. Muqtadir, dárí jì mí bí o bá lè. Bí o kò bá lè, má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́. O ní o ti gbọ́ èsì. O kò tí ì gbọ́ ọ. Bàbá rẹ fẹnu sún mọ́ máìkì, wọ́n ní, "Muqtadir, mo wà níbí o."