Ọ̀pá Fúnmi Tí Mo Kó Mọ́ Ìdọ̀tí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dópin kí ẹ tó bú mi. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, torí èmi ò kàwé. Láti ayé ìjọba ológun ni mo ti gbé e sínú. Ọkọ mi kú, kò mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ wá yẹ́ mi sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yẹ náà ò sì tọ́ sí mi.

Agege là ń gbé nígbà yẹn, lẹ́yìn ojú irin. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà. Nígbà tí Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí nǹkan le, wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró, ọkọ mi wà nínú wọn. Èmi sì lóyún. Lẹ́yìn tí mo bí Ràfíù, oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ìyá Fúnmi, ará Èkìtì, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Fúnmi ọmọ rẹ̀ láti kékeré. Ọ̀pá méjì ló ń fi sábẹ́ abíyá rìn. Iléèwé àdúgbò wa kì í gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn bíi tirẹ̀ sí, ọ̀nà jíjìn. Ìyá Fúnmi kọ̀. Ó ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá iléèwé, títí ọkùnrin náà fi gbà. Nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, Fúnmi ló kọ́kọ́ wọlé níbẹ̀.

Àwa ìyá ọmọ bínú. A ní àrùn náà yóò ran àwọn ọmọ wa. Èmi náà pariwo. Bẹ́ǹṣì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi Fúnmi sí, òun nìkan.

Ìyẹn burú, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Ìyá mi kọ́ mi pé aboyún kì í tẹjú mọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, kí ọmọ inú má baà fi jọ ọ́. Àràárọ̀ sì ni ọ̀pá Fúnmi ń dún lọ́dẹ̀dẹ̀, kó, kó, kó. Á yọjú sí mi: "Ìyá Ràfíù, ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ inú ńkọ́?" Mo máa ń dijú kí n tó dáhùn. Mo rò ó pé bí ò bá sí ọ̀pá, kò ní jáde mọ́, mi ò sì ní rí i títí n ó fi bí.

Sátidé ìmọ́tótó kan dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nígbà ológun mọ̀ ọ́n: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn, oníkálukú á kó ẹrù síta, á fọ yàrá, á gbá gọ́tà. Wọ́n gbé Fúnmi jókòó sẹ́yìnkùlé. Ọ̀pá rẹ̀ fara ti ògiri níta. Mo ká méjèèjì sínú ẹní mi tó ti gbó, mo gbé e lọ sórí ìdọ̀tí etí títì. Mo dúró títí ọkọ̀ akólẹ̀ fi kó o lọ.

Nígbà tí wọ́n wá a tì, Ìyá Fúnmi ní àwọn akólẹ̀ ló ṣèèṣì kó o. Mo ní, "Àwọn aláìlójú yẹn!" Ẹnu èmi yìí ló sọ ọ́.

Ní Mọ́ńdè, Ìyá Fúnmi ti lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó ní kí Fúnmi jókòó sílé títí káfíńtà á fi gbẹ́ òmíràn. Mo gbọ́ nǹkan tó ń wọ́ lọ́dẹ̀dẹ̀. Kí n tó jáde, Fúnmi ti dé títì. Ó ń rákò nínú ẹrẹ̀, ó gbé báàgì ìwé kọ́rùn. Mo ní, "Níbo lò ń lọ?"

"Iléèwé ni mà. Bí mi ò bá dé lónìí, wọ́n á ní mo ti fi í sílẹ̀ fún wọn."

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kó gun ẹ̀yìn mi. Èmi tí mo ń sá fún wíwò rẹ̀, mo fi ìborùn gbà á mọ́ra, oyún níwájú, Fúnmi lẹ́yìn. A kọjá ojú irin. Àwọn lébìrà ń fi wá ṣẹ̀rín: "Màmá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti tó lọ́kọ!" Fúnmi dá wọn lóhùn látẹ̀yìn: "Ẹ wá pọ̀n wá méjèèjì, ẹ̀yin alágbára!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Báyìí ni mo ń pọ̀n ọ́n títí káfíńtà fi parí iṣẹ́. Bí a ṣe ń lọ, á máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri àwọn ilé iṣẹ́ fún mi. Bí mo bá yára, á ní, "Ìyá Ràfíù, mọ́tò yín ò ní búréèkì o." Àwọn ìyá tó ń pariwo rí i pé èmi aboyún pọ̀n ọ́n, nǹkan kan ò ṣe mí. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn máa jókòó tì í. Ìyá Fúnmi kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba ọpẹ́ náà. Títí tó fi kú, kò yéé dúpẹ́.

Mo bí obìnrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, kí n tó wojú. Koko ló le. Fúnmi yìí kan náà ló kọ́ ọ ní A, B, D. Òun ni ìyá ọmọ tó ń kọ èyí. Alhamudulilahi, Ọlọ́run ò fi ìwà mi san án fún ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Fúnmi náà. Ó di olùkọ́, ó padà síléèwé yẹn, àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ sì ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń lé wọn.

Lọ́dọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rìn láti iwájú ilé wa lọ síléèwé láti fi yẹ́ Fúnmi sí. Àwọn tó ń lo ọ̀pá ló ń ṣíwájú. Ọmọbìnrin ńlá kan á pọ̀n kékeré kan. Wọ́n ní èmi nìyẹn. Wọ́n á máa sọ bí akólẹ̀ ṣe gbé ọ̀pá lọ, tí aládùúgbò rere fi gbé Fúnmi pọ̀n. Lọ́dún yìí, wọ́n fẹ́ yẹ́ èmi náà sí; Fúnmi ní kí n wá ṣàdúrà kí wọ́n tó gbéra. Ó ní, "Ìyá mi ò sí mọ́. Ẹ̀yin ló kù."

Ọmọ ọmọ mi ti dáwọ́ dúró, ó ń wò mí. Òun ni wọ́n yàn láti pọ̀n ọmọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kó máa kọ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bi yín bóyá kí n dákẹ́. N ó sọ ọ́. Ibi tí n ó ti sọ ọ́ ni mi ò mọ̀. Ṣé kí n sọ fún Fúnmi nìkan, kí ọjọ́ ẹ̀yẹ rẹ̀ má bàjẹ́? Àbí níwájú àwọn ọmọ, torí àwọn akólẹ̀ tí mo parọ́ mọ́ náà bímọ, bóyá ọmọ ọmọ wọn sì wà lára àwọn tó ń rìn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó pé.

Fúnmi, bó bá jẹ́ ìwọ ló kọ́kọ́ rí èyí, jọ̀ọ́, má rán ẹnikẹ́ni sí mi. Wá fúnra rẹ. Bóo bá fẹ́ bú mi, mo wà nílé.