Fóòmù Dúdú Tí Ẹ Dà Nù

Ẹ má tíì lọ, ẹ̀gbọ́n! Ẹ jókòó. Ẹ tún ń nu tábìlì? Ẹ gbé àkísà yẹn sílẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ìnùnù yín náà ló kó wa síbi tá a wà yìí! Gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè yín ní Afínjú, ẹ sì gbà á bí oyè. Afínjú tó gbálẹ̀, tó gbá ọmọ tuntun mọ́ pàǹtí!

Mo wọ sítọ́ọ̀ yín láàárọ̀ yìí láti mú ọ̀kan nínú àwọn áísì ẹlẹ́sẹ̀ wẹẹrẹ tá à ń jó mọ́nú ẹ̀rọ, kí ni mo rí? Ta ló ní kẹ́ ẹ tú wọn kúrò lára fóòmù dúdú? Ẹ̀hẹ̀n? Ó jọ èédú? Aṣọ wọn nìyẹn! Òun ló so gbogbo ẹsẹ̀ wọn pọ̀, tí iná ò fi ní rí àyè gba inú wọn kọjá. Ẹ wá lọ ya fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n, ẹ tò wọ́n sórí ẹ̀ bí eyín ọmọge, torí àlejò ń bọ̀ wá wo sítọ́ọ̀ lóṣù tó kọjá. Àlejò ọ̀hún dé, ó wo sítọ́ọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ̀, ó bá tiẹ̀ lọ!

Fóòmù funfun, tó jẹ́ pé bó bá ti ha mọ́ aṣọ báyìí, iná dé! Súwẹ́tà yín ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ń bọ́ ọ, ṣé ẹ kì í gbọ́ ta-ta-ta ni? Irun apá yín kì í dìde? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, iná yẹn ò lè pa yín, ara yín le bí orí yín. Ṣùgbọ́n áísì, ańpilifáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí ò tó èékánná, tínú ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú aláǹtakùn lọ, ìka yín kan péré, ààrá ló sán lù ú!

Bó bá tiẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀, ǹ bá mọ̀. Kò kú! Ó fara pa, ó ń díbọ́n bí alára líle. Mo so okùn tó ń fa iná ara mi wọlẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, okùn tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ta ló so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, mo jó o mọ́nú ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, mo dán an wò fọ́jọ́ mẹ́ta, ó pé. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ilà ojú ẹ̀ nà gbọọrọ bí ọ̀nà títì. Ìyàwó aláìsàn figbe ta: ọkọ mi ti kú o! Ọkọ ní, "Èmi rèé, bu omi fún mi."

Ẹ tún rẹ́rìn-ín! Tó bá jẹ́ pé ọkàn ẹ̀ ló ń dákẹ́, tí ẹ̀rọ wá ń purọ́ pé ó ń lù ńkọ́?

Ni ọ̀gá bá pè mí, ó ní mi ò fi ààbò sẹ́nu ọ̀nà áísì. Èmi! Èmi tí mo fi rẹ̀sísítọ̀ síbẹ̀ kí iná tó bá ń sáré wọlé lè rọra rìn, tí mo fi dáyóòdù méjì tì í kí èyí tó bá pọ̀ jù lè yà gbẹ̀gbẹ́ lọ! Kí ni adènà fẹ́ ṣe fẹ́ni tí wọ́n ti gún lọ́bẹ kó tó délé? Ẹ̀yin náà jókòó síbẹ̀, ẹ ń gé èékánná, nígbà tó ń sọ pé ọwọ́ mi ti wọ́, pé bó bá dọ̀la, kí n fi tábìlì sílẹ̀, kí n lọ máa di páálí. Ọdún mọ́kànlá! Ẹ tiẹ̀ tún mi orí, bí ẹni tó ń ṣàánú mi!

Kí lẹ wí? Ẹ ò mọ̀? Ṣé mi ò fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síwèé, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni, pé kẹ́ ẹ fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kan áísì? Ìwé náà dà?

Ẹ ya á? Ó ń ba ògiri jẹ́? Háà! Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí!

Ó yá, ẹ dìde. Ọ̀gá ṣì wà ní ọ́fíìsì. Ẹnu yín gan-an ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ, kó tó fọwọ́ sí lẹ́tà tó máa gbé mi lọ sídìí páálí. Ẹ ní, "Èmi ni." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ máa lọ. Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lọ́nà o!